Ewé Di Ọṣẹ: Àyẹ̀wò Bí Tẹlifóònù Alágbèéká Ṣe Gbé Ẹ̀rọ Ìrántí Mì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ewé náà yóò di ọṣẹ. Òwe yìí dára púpọ̀, a sì máa ń fi í kọ́ ọmọdé pé kí ó ṣọ́ irú ẹgbẹ́ tí yóò máa bá rìn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ṣókótó àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kàlàbá, ẹ bá mi yẹ òwe náà wò láti apá kejì. Nígbà tí ewé bá ti di ọṣẹ tán, níbo ni ewé wà? Àǹfààní tí a ń rí lára ewé nígbà tí ó dá wà, ǹjẹ́ a tún lè rí i lára ọṣẹ?

Ewé tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan tí àwọn òyìnbó ṣe láti máa bá ènìyàn tọ́jú ọjọ́ ìpàdé, orúkọ ọ̀rẹ́, àti iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní ẹ̀rọ ìrántí. Ọṣẹ náà ni tẹlifóònù alágbèéká, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fóònù. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àríyànjiyàn wà láàárín àwọn tí ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀: ṣé àwọn méjèèjì yóò di ọ̀kan, àbí olúkúlùkù yóò máa jẹ́ tirẹ̀? Ẹjọ́ náà ti parí. Fóònù ti gbé ẹ̀rọ ìrántí mì pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ a máa parí kí ọ̀rọ̀ má tíì tán. Ó kù kí á béèrè ohun tí a jèrè, ohun tí a pàdánù, àti bóyá èyí tí a pàdánù ṣe é rí padà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ẹ̀rọ ìrántí bí ó ti rí. Ní ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ Psion ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀kan jáde. Ní ọdún 1993, ilé-iṣẹ́ Apple ní Amẹ́ríkà gbé tirẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní Newton. Èrò àwọn tí ó ṣe Newton ga púpọ̀, nítorí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ náà lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí ọwọ́ náà wọ́ tó. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ti òkìtì ìwé ìdánwò rí mọ̀ bí iṣẹ́ yìí ti le tó. Newton ṣi ọ̀rọ̀ kà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tóbi ju àpò ẹ̀wù lọ, owó rẹ̀ sì wọ́n. Ní ọdún 1998, Apple pa á tì.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jeff Hawkins gba ọ̀nà mìíràn. A ròyìn rẹ̀ pé kí ó tó ṣe ẹ̀rọ rárá, ó gé pákó kan ní ìwọ̀n tí yóò wọ àpò, ó sì ń gbé pákó náà kiri. Bí ẹnìkan bá dá ọjọ́ ìpàdé fún un, yóò yọ pákó jáde, yóò sì ṣe bí ẹni pé ó ń kọ ọjọ́ náà sí i. Báyìí ni ó ṣe mọ ohun tí ọwọ́ ènìyàn ń fẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó. Ní ọdún 1996, ẹ̀rọ rẹ̀ tí a ń pè ní Pilot jáde, èyí tí ayé wá mọ̀ sí Palm. 299 dọ́là ni owó èyí tí ó rọjú jù nínú wọn. Iṣẹ́ mẹ́rin pàtàkì ni ó ń ṣe: ó ń tọ́jú kàlẹ́ńdà, ó ń tọ́jú orúkọ àti àdírẹ́sì, ó ń to iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ń gba àkọsílẹ̀ ráńpẹ́. Bátìrì kékeré méjì ni ó ń lò, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sì ni bátìrì náà ń lò kí ó tó kú.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí á kíyè sí nínú ìṣe Palm. Èkíní ni ti ìkọ̀wé. Hawkins kò ní kí ẹ̀rọ kọ́ ọwọ́ ìkọ̀wé ènìyàn. Ènìyàn ni ó ní kí ó kọ́ ti ẹ̀rọ. Ìfàlà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a fi ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láìgbé kálàmù sókè. Lẹ́tà A, fún àpẹẹrẹ, kò ní ìdábùú láàárín. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti jáde ilé-ìwé gíga tún jókòó, wọ́n ń kọ́ A, B, D lẹ́ẹ̀kejì. Àdéhùn ni èyí: ènìyàn tẹrí ba díẹ̀, ẹ̀rọ náà sì san ẹ̀san rẹ̀ nípa ṣíṣe ohun tí a ní kí ó ṣe.

Èkejì ni ti ẹ̀dà. Bí bátìrì Palm àkọ́kọ́ bá kú pátápátá tí a kò sì tètè fi òmíràn rọ́pò, gbogbo ohun tí a kọ sínú rẹ̀ yóò parẹ́. Àwọn tí ó ṣe é mọ èyí, wọn kò sì fi pamọ́. Wọ́n ṣe ìjókòó kékeré kan fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo sí i. Bí a bá ti tẹ bọ́tìnnì náà, ohun gbogbo tí ó wà nínú ẹ̀rọ yóò di ẹ̀dà sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ tí ó mọ̀ pé òun lè kú, tí ó sì ti ṣe ètò ogún rẹ̀ sílẹ̀, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ìrẹ̀lẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo bí ewé àti ọṣẹ ti ṣe pàdé. Ìgbìyànjú tí ó lókìkí ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ti ilé-iṣẹ́ IBM, tí wọ́n pè ní Simon, tí ó sì dé ọjà Amẹ́ríkà ní ọdún 1994. Fóònù ni, ẹ̀rọ ìrántí sì ni pẹ̀lú. Ó ní kàlẹ́ńdà, ó ní ìwé àdírẹ́sì, ojú rẹ̀ ni a sì ń fọwọ́ kàn kí ó tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ tó 510 gíráàmù, iná inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí wákàtí kan lọ bí a bá ń fi í sọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n tà kò ju nǹkan bí 50,000 lọ, wọ́n sì kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 1995. Ohun tí ó pa Simon hàn gbangba: ìwé ìrántí tí ó ń sùn lẹ́yìn wákàtí kan kì í ṣe ìwé ìrántí.

Ní ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ Nokia ti Finland gbé Communicator 9000 jáde. Bí ilé oníyàrá méjì ni ẹ̀rọ yìí rí. Bí a bá pa á dé, fóònù ni. Bí a bá ṣí i bí ẹni ṣí ìwé, a ó bá ojú fífẹ̀ kan àti bọ́tìnnì lẹ́tà nínú rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí i nítorí pé ó tóbi bí búlọ́ọ̀kù, 397 gíráàmù ni ó sì wọ̀n. Ṣùgbọ́n ní tèmi, òun ni mo kà sí olóòótọ́ jù lọ nínú gbogbo wọn, nítorí pé ó fi ilẹ̀kùn sí àárín yàrá méjèèjì. Ẹni tí ó bá ṣí i mọ ohun tí òun ṣí i fún.

Lẹ́yìn náà ni ìdàpọ̀ yára. BlackBerry, tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀rọ ìgbàwé ní ọdún 1999, di fóònù ní ọdún 2002, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó lè fi í sọ̀rọ̀ láìfi wáyà sí etí. Ní ọdún 2002 kan náà, Hawkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti fi Palm sílẹ̀ láti dá ilé-iṣẹ́ Handspring sílẹ̀, gbé Treo jáde. Treo yìí ni ó dára jù lọ nínú àwọn tí ó ranti pé ìyá òun jẹ́ ẹ̀rọ ìrántí. Bí o bá rí orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ nínú rẹ̀, o kàn tẹ orúkọ náà ni, ó sì pe ọ̀rẹ́ rẹ fún ọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, Steve Jobs dìde ní San Francisco, ó fi iPhone han ayé, ó ní fóònù ni, ẹ̀rọ orin ni, ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì sì ni pẹ̀lú. Ẹ kíyè sí i pé kò dárúkọ ẹ̀rọ ìrántí mọ́ àwọn mẹ́ta náà. Kàlẹ́ńdà wà nínú rẹ̀, àkọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun tí a ń kéde mọ́. Ìyá ilé ti di ọmọ ọ̀dọ̀.

Èmi kì yóò ṣe àbòsí. Ìdàpọ̀ yìí ní ìdí tí ó dára. Ta ni yóò fẹ́ máa gbé ẹ̀rù méjì nígbà tí ẹyọ kan lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì? Nígbà tí wọ́n wà lọ́tọ̀, orúkọ àti nọ́ńbà a máa wà nínú ẹ̀rọ kan, ènìyàn a sì máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú èkejì, bí akọ̀wé tí ń da ìwé kan náà kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyà aláìnídìí ni. Ẹni tí ó bá ní kí á padà sí i kò tíì jẹ nínú ìyà náà.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí a kò kà mọ́ èrè àti àdánù nígbà tí a ń ṣe ìṣirò yìí. Ẹ̀rọ ìrántí a máa dákẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ àfi bí olówó rẹ̀ bá bi í léèrè, tàbí bí wákàtí tí olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dá fún un bá pé. Ìránṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n ìwà fóònù kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni fóònù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ nọ́ńbà rẹ lè kan ilẹ̀kùn nígbà tí ó bá wù ú. Nígbà tí a fi ìwé ìrántí wa sínú fóònù, ṣe ni a gbé àpótí ìwé wa láti inú yàrá lọ sí ẹnu ọ̀nà. Bí a bá fẹ́ mú ìwé kan, a ní láti gba àárín àwọn àlejò kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi nínú kíláàsì. Mo ti pa á láṣẹ fún ara mi pé inú fóònù ni n óò máa kọ máàkì àwọn ọmọ sí, kí ó lè rọrùn láti ṣírò. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan dìde, ó wá síwájú, ó béèrè iye tí òun gbà nínú àròkọ. Mo mú fóònù jáde láti wò ó. Bí mo ti ṣí i, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti wà lójú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìbátan mi kan lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé. Mo kà á. Mo fèsì. Èsì tún dé, mo tún fèsì. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ọmọ náà ṣì dúró síwájú mi, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, gbogbo kíláàsì sì dákẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n padà lọ jókòó?" Ojú tì mí. Ohun tí ó sì dùn mí jù ni pé mi ò rántí ohun tí ó wá béèrè mọ́. Ẹ̀rọ tí mo fi ń rántí ni ó mú mi gbàgbé, ọmọ tí mo ní kí n rántí sì dúró síwájú mi gan-an.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti fóònù. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí ìwé ìrántí onípépà, ìbátan mi kò lè wà nínú rẹ̀ kí ó máa dúró dè mí. Ohun èlò tí ó dára a máa ràn wá lọ́wọ́ láti hùwà rere. Kì í ṣe èyí tí ó ń dán wa wò lójoojúmọ́ kí ó tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Nàìjíríà ní ọ̀nà tí kò fi kan àwọn ará Amẹ́ríkà tàbí Finland. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kí ó tó dé, ìlà tẹlifóònù tí ó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè kò tó 1,000,000, bẹ́ẹ̀ ni àwa ènìyàn ti ju 100,000,000 lọ. Ohùn ìbátan tí ó wà lọ́nà jíjìn ni òùngbẹ rẹ̀ ń gbẹ wá. Ẹ̀rọ ìrántí kò kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa rí. Bí ọlọ́jà bá fẹ́ rántí gbèsè, ó lè fi èédú fa ilà sára ògiri. Bí olùkọ́ bá fẹ́ rántí, ó ní ìwé. Nítorí náà, nígbà tí fóònù tí ó ní kàlẹ́ńdà nínú dé ọwọ́ wa, ọmọ ni a rí, a kò mọ ìyá tí ó bí i. Ẹni tí kò mọ ìyá kò lè mọ̀ pé ìyá jẹ́ onísùúrù, ẹni tí kì í pariwo. Ariwo ọmọ náà ni a rò pé ó jẹ́ ìwà ìdílé.

Ìdí kejì tún wà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù tí ó kọ́kọ́ dé kò ní àmì tí a ń fi sí orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà èdè wa. Bí olùkọ́ bá kọ "oko" sínú irú fóònù bẹ́ẹ̀, tí ó sì padà kà á lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá oko ni, tàbí ọkọ, tàbí ọkọ́, tàbí ọkọ̀? Lónìí, ẹni tí ó bá wá bọ́tìnnì lẹ́tà Yorùbá fún fóònù rẹ̀ yóò rí i. Ṣùgbọ́n àṣà kíkọ láìsí àmì ti wọ̀ wá lára. Bí àwọn oní-Palm ti tẹrí ba fún ẹ̀rọ ni àwa náà tẹrí ba. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa ni àwa fi san owó tiwa.

Bàbá mi jẹ́ olùkọ́. Ìwé ìrántí rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ mi, eruku ṣọ́ọ̀kì ṣì wà ní etí rẹ̀. Mo lè kà níbẹ̀ ọmọ tí ń ṣàìsàn, ọmọ tí kò ní bàtà, àti ọmọ tí bàbá mi kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pé, "Kí n má nà án mọ́; etí ni kò gbọ́ dáadáa." Ìwé náà ti pẹ́ ju ẹni tí ó kọ ọ́ lọ. Èmi náà ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́fà gbáko, nínú fóònù kan tí mo gbàgbé sínú ọkọ̀ èrò. Mi ò ní ẹ̀dà. Òótọ́ ni pé íntánẹ́ẹ̀tì lè bá ni tọ́jú ẹ̀dà, òótọ́ sì ni pé èmi ni mi ò ṣètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bọ́tìnnì kan ṣoṣo ti Palm. Ẹ̀rọ ìrántí sọ fún olówó rẹ̀ gbangba pé, "Mo lè kú." Fóònù mi kò fi ìgbà kankan jẹ́ kí n rò ó, nítorí ó mọ́lẹ̀ yòò lójoojúmọ́.

Kí ni ọjọ́ iwájú yóò mú wá? Àwọn kan gbàgbọ́ pé ẹ̀rọ tuntun ni yóò tú ìdàpọ̀ náà. Ní ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Humane ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí a ń so mọ́ àyà ẹ̀wù. Ohùn ni a fi ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ní yóò gba ènìyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ojú fóònù. 699 dọ́là ni owó rẹ̀, yàtọ̀ sí owó oṣooṣù. Kò pé ọdún kan tí ó fi kú: ní oṣù kejì ọdún 2025 wọ́n pa iṣẹ́ rẹ̀ dé, ilé-iṣẹ́ HP sì fi 116,000,000 dọ́là ra púpọ̀ nínú ohun ìní ilé-iṣẹ́ náà. HP kan náà ni ó ti fi 1,200,000,000 dọ́là ra Palm ní ọdún 2010, tí ó sì dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ rẹ̀ dúró ní ọdún 2011. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́n, kí ó fi ìtàn méjèèjì yìí lé ara wọn. A kò lè fi owó ra ìyapa.

Ní tèmi, fóònù kì yóò pọ̀ ẹ̀rọ ìrántí padà. Yóò tilẹ̀ máa gbé ohun mìíràn mì sí i, pàápàá ní àkókò yìí tí ọgbọ́n àtọwọ́dá ti wọ inú rẹ̀, tí ó ń fẹ́ bá wa yan ohun tí ó yẹ kí á rántí. Nítorí náà, ọwọ́ wa ni ìyapa wà. Ilẹ̀kùn tí Nokia fi sí àárín yàrá méjì ní ọdún 1996, àwa ni kí á fi àṣà kàn án. Ní tèmi, mo ti padà sí ìwé kékeré kan fún ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí mo ń kọ́. Òun nìkan ni ó ń bá mi wọ kíláàsì. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, mo ń dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà, fóònù mi sì ń ṣe iṣẹ́ tí a bí i fún: ó ń bá mi pe ènìyàn.

Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ gba 14 nínú 20. Inú ìwé kékeré náà ni orúkọ rẹ̀ wà báyìí, ní ojú ewé àkọ́kọ́.